Ẹ̀bùn Kérésì Tí Ìyá Ń Retí

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa, ní Iléṣà)

  Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò sí láàárín wa mọ́, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ilé wọn dàrú. Àwa tó ṣẹ́kù, a ó tún pé jọ ṣe ogún ọdún. Àmín.

Akọ̀wé wa ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ọdún Kérésì nílé, pẹ̀lú ẹbí, oúnjẹ àti ẹ̀bùn. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní, ta ni kò mọ bí a ṣe ń jẹ ìrẹsì? Ṣùgbọ́n bí mo ti ń rò ó lọ, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wúwo ju bí mo ti rò lọ. Ẹ fún mi láyè díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n rán wa létí ibi tí a ti ń bọ̀. Nígbà èwe wa, ìrẹsì kì í ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́. Iyán ni tiwa. Bí kò bá ṣe ọjọ́ ọdún, tàbí ọjọ́ Àìkú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ta ló ń se ìrẹsì? Nítorí náà, bí òórùn ọbẹ̀ ata bá ti gba àdúgbò kan ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejìlá, ọmọdé mọ̀ pé Kérésì dé. A ó ti lé àkùkọ kiri ẹ̀yìnkùlé títí ọwọ́ yóò fi tẹ̀ ẹ́. Wọn a rán wa lọ sí ìdí ẹ̀rọ ìlọta, a ó tò síbẹ̀ pẹ̀lú garawa tòmátò, tàtàṣé àti àlùbọ́sà, ilẹ̀ a ṣú mọ́ wa níbẹ̀. Àwọn obìnrin a máa dirun títí di òru. Télọ̀ tó ti gba aṣọ láti oṣù Kẹwàá a ní kí a padà wá ní aago mẹ́wàá alẹ́. Bí a bá débẹ̀, apá aṣọ kan ṣì wà nílẹ̀ tí kò tíì rán. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọyẹ́ a ti la ètè wa, ìyá a fi àdín àgbọn pa wá lára, ó di ṣọ́ọ̀ṣì.

Lẹ́yìn ìsìn ni ọdún gan-an ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá a bu ìrẹsì sínú abọ́, a fi ẹran lé e lórí, a fi abọ́ mìíràn dé e. “Gbé èyí fún ìyá àgbà. Gbé èyí fún Bàbá Àlájì.” Ilé Àlájì kì í ṣe Kérésì, ṣùgbọ́n ẹran Iléyá wọn kì í pẹ́ dé ilé wa, nítorí náà ìrẹsì wa kò gbọdọ̀ pẹ́ dé ilé wọn. Bí a bá ti kúnlẹ̀ tàbí tí a dọ̀bálẹ̀, tí a sọ pé ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún, wọn a fi owó há wa lọ́wọ́. Owó náà kéré. Ṣùgbọ́n ẹni tó fún wa mọ orúkọ wa, ó mọ oríkì wa, ó mọ ọmọ ẹni tí a jẹ́. Iṣẹ́ tí Kérésì ń ṣe ní ìlú nìyẹn: ó ń fi ọmọ han ẹbí, ó sì ń fi ẹbí han ọmọ.

Ọdún yìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa. Ní 1842, ní Àgbádárìgì, ni àwọn míṣọ́nnárì Thomas Birch Freeman àti Henry Townsend ti ṣe Kérésì tí a gbà pé òun ni àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ìsìn ni wọ́n gbé wá. Ṣùgbọ́n gbígbé abọ́ láti ojúlé dé ojúlé, kíkí àgbà lórí ìkúnlẹ̀, wíwálé láti ìdálẹ̀, tiwa nìyẹn, àwa la fi kún un. Ẹ rántí àwọn bàbá wa Òṣómàáló. Wọn a gbé aṣọ lọ sí ìlú onílùú, wọn a tà á láwìn, bí ọjọ́ owó bá pé, wọn a padà lọ: “Òṣó ni mo máa ló títí n ó fi gba owó mi.” Bí ọdún bá ń lọ sópin, wọn a kó èrè wọn, wọn a kọjú sílé. Títí di òní, inú oṣù Kejìlá yìí náà ni a ń ṣe Ìwúdé Ìjẹ̀ṣà, kí ọmọ tó wà lájò lè bá a nílé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó dé bá wa. Ọmọ Òṣómàáló tí bàbá rẹ̀ ń lóṣòó gba gbèsè, òun náà ló wá ń jẹ gbèsè nítorí Kérésì! Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ ti fò sókè, ọjà sì tẹ̀ lé e. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ẹ̀yin tí ẹ ra àpò ìrẹsì oníkílò 50 ní Kérésì ọdún náà, ẹ mọ ohun tí ojú yín rí. Síbẹ̀, a kò dín ohunkóhun kù. Ẹni tí kò lè rà á ń yá owó, ẹni tí kò rí yá kò wálé mọ́.

Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún kan, mo ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Èkó. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo wà kò san owó oṣù fún wa fún oṣù mẹ́ta gbáko. Kérésì ń bọ̀. Mo ṣírò owó ọwọ́ mi. Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó ìrẹsì, owó aṣọ ìyá mi, owó tí n ó máa há fún àwọn ọmọ ẹbí, kò sí. Mo ní, báwo ni n ó ṣe wọ àdúgbò lọ́wọ́ òfo? Mo ránṣẹ́ sílé pé iṣẹ́ kò jẹ́ kí n lè wá. Irọ́ ni. Inú yàrá ni mo wà ní ọjọ́ Kérésì, gàrí ni mo mu.

Oṣù Kejì ni mo tó wálé. Bí mo ti ń jókòó, ìyá mi dìde, ó lọ sí ìdí àjà ilé ìdáná, ó gbé àwo kékeré kan wá. Itan adìyẹ ló wà níbẹ̀. Ó ti gbẹ bí igi, èéfín ti sọ ọ́ di dúdú. Tèmi ni, láti ọjọ́ Kérésì. Ó ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni òun ń yá a níná kó má baà bàjẹ́. Ìgbà náà ni mo jẹ́wọ́ fún un pé kì í ṣe iṣẹ́ ló dá mi dúró, owó ìrẹsì ni n kò ní. Ó wò mí títí. Ó ní, “Ta ló béèrè ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ? Mo se ìrẹsì. Ìwọ ni mo ń retí.”

Kérésì méjì péré ni èmi àti ìyá mi tún jọ ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Mo ti ra ọ̀pọ̀ àpò ìrẹsì láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ gbé e fún kò sí mọ́.

Ẹ má bínú sí mi, ó tún kan ẹgbẹ́ wa. Ẹ rántí pé ọ̀kan nínú wa dẹ́kun wíwá sí ìpàdé. A ń kọ owó ìtanràn sí orúkọ rẹ̀ lóṣooṣù. A ní ó ti di ẹni ńlá, kò ka ẹgbẹ́ sí mọ́. Nígbà tí àwa méjì lọ bá a nílé, ó ní aṣọ Kérésì tí a dá ní ọdún tó ṣáájú, àti fìlà, àti bàtà, owó tí òun yá san án ni òun ṣì ń san títí di oṣù Kẹfà. Wọ́n ti lé ọmọ rẹ̀ kan wálé nítorí owó ilé ẹ̀kọ́. Ó ní ojú ló ń ti òun. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi fún wa, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹgbẹ́ tí a dá kí ẹnikẹ́ni nínú wa má baà dá wà, òun ló lé e sílé. Ó ti padà sáàárín wa lónìí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́, kí n má ṣáà ti dárúkọ òun.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ nínú ọkàn wọn pé aṣọ ni iyì ẹgbẹ́. Òótọ́ ni. Èmi náà fẹ́ kí a wọlé kí onílù yí ọwọ́ padà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Iyì tó bá gba ọmọ ẹlòmíràn kúrò nílé ẹ̀kọ́ ní oṣù Kìn-ínní, iyì wo nìyẹn?

Ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Ìkínní, kí a máa dá aṣọ tuntun lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́ta. Ní àwọn ọdún tó kù, kí a wọ èyí tí a ní. Aṣọ tí a fọ̀, tí a lọ̀, kì í dójú ti ni.

Ìkejì, kí a dá àjọ oúnjẹ láti oṣù Kejì. Díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa mú wá lóṣooṣù. Kí ọjà tó gbóná ní ìparí ọdún, kí a ra ìrẹsì àti òróró papọ̀, kí a pín in. Ìrẹsì ilẹ̀ wa náà dára. Ìgbẹmọ ní Èkìtì kò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá sì ní iyán lòun fẹ́ gún ní Kérésì, kò jẹ̀bi. Iyán la fi tọ́ wa.

Ìkẹta, kí akọ̀wé ní àkọsílẹ̀ àwọn òbí wa tó ṣì wà láyé. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan kò bá lè wálé, kí àwa tí a wà nílé gbé oúnjẹ lọ bá ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlélógún, kí a jókòó tì wọ́n, kí a sì pe ọmọ náà lórí fóònù kí wọ́n gbọ́ ohùn ara wọn. Ẹni tó wà ní òkè òkun tó ń fi owó ránṣẹ́, ó ṣeun. Ṣùgbọ́n owó kì í jókòó ti àgbà.

Ìkẹrin, kí a kó àwọn ọmọ wa wálé, kí a fún wọn ní abọ́ gbé. Kí wọ́n gbé e lọ bá ìyá àgbà, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé Àlájì. Ẹ ra nǹkan ìṣeré fún wọn bí agbára yín bá ká a, ṣùgbọ́n ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò ki wọ́n ní oríkì. Nǹkan ìṣeré a bàjẹ́ kí oṣù Kìn-ínní tó parí. Oríkì yóò bá wọn dọ́jọ́ alẹ́.

Ẹ̀yin ojúgbà mi, Kérésì ń bọ̀. Bí ẹ bá ní, ẹ gbé e wálé. Bí ẹ kò bá ní, ẹ gbé ara yín wá. Ẹnì kan ń bẹ nílé tó ti mú itan adìyẹ pamọ́ dè yín.

Ẹ̀mí wa yóò ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. A kò ní fi ẹkún parí ọdún. Ẹgbẹ́ wa kò ní dàrú.