Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọ̀ Ara Àwo Amọ̀, àti Bí A Ṣe Ń Wọ̀n Ọ́n

 Nígbà tí a ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́ kan, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé ti aṣọ híhun tàbí ti ìlù ni n ó sọ. Ti àwo amọ̀ ni n ó sọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ àwo amọ̀ kan ti dá mi lẹ́bi rí, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ láti ẹnu mi.

Ìjọ tí mo ń bójú tó nígbà náà fẹ́ fi àwo pẹlẹbẹ bo ògiri tí ó wà lẹ́yìn ibi ìsàmì. A gbé iṣẹ́ náà fún amọ̀kòkò kan. A ní kí ó ṣe 120, kí gbogbo wọn dán bí dígí, kí àwọ̀ wọn sì rí bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ó kó 80 wá, inú wa sì dùn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ó kó 40 ìyókù wá, gbogbo wọn pọ́n bí oyin. Ìgbìmọ̀ ìjọ bínú. Àgbà kan wí pé ó ti ta èròjà tí a fi owó wa rà, ó sì ti fi ayédèrú dí i. Ọkùnrin náà búra pé inú korobá kan náà ni òun ti rì wọ́n, pé amọ̀ kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni. A kò gbà á gbọ́. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé tí a fi sọ fún un pé a kì yóò san ìyókù owó rẹ̀. Ìwé náà le. Mo sì rò nígbà náà pé mo kọ ọ́ dáradára.

Kí ni ohun dídán tí ó bo ara irú àwo bẹ́ẹ̀? Dígí ni. A ó lọ iyanrìn funfun, eérú, ẹfun àti amọ̀ díẹ̀ kúnná, a ó pò wọ́n mọ́ omi, a ó ri àwo sínú rẹ̀, a ó sì gbé e wọ iná. Nínú iná líle ni ìyẹ̀fun náà ti ń yọ́, tí ó ń di dígí, tí ó sì ń lẹ̀ mọ́ ara àwo. Kí ó tó wọ iná, kò jọ ohun tí yóò dà rárá. Èyí tí yóò dúdú kirikiri lè pọ́n bí erùpẹ̀ ojú ọ̀nà. Aláró lè gbé aṣọ rẹ̀ sókè nínú ìkòkò aró kí ó wò ó, bí kò bá tíì tó, kí ó tún rì í. Amọ̀kòkò kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ó ti di ìléru, ó ti fi ìgbàgbọ́ sí i, ó di ọjọ́ tí ó bá tutù kí ó tó mọ ohun tí ó ṣe.

Ẹ má ṣe rò pé àwọn Òyìnbó ni ó kọ́kọ́ mú dígí aláwọ̀ wá sí ilẹ̀ wa. Òótọ́ ni pé àwọn ìyá wa tí ń mọ ìkòkò ní Ìpetumodù kì í fi dígí bo iṣẹ́ wọn, àti pé ní Ìlọrin omi èèpo èso igi irú ni wọ́n ń wọ́n sí ìkòkò gbígbóná kí ara rẹ̀ lè ṣú kí ó sì dán. Ṣùgbọ́n ní Ilé-Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí wa, ilẹ̀ Igbó Olókun kún fún àfọ́kù ìkòkò tí dígí aláwọ̀ ti yọ́ lẹ̀ mọ́ ara wọn. Frobenius, ará Jámánì, rí nínú wọn ní 1910. Abidemi Babatunde Babalola tún walẹ̀ níbẹ̀ ní ìgbà tiwa. Ìwé tí ó jáde lórí rẹ̀ ní 2017 fi hàn pé ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí ó jú 12,000 lọ ni wọ́n rí, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò ìyọ́-dígí tí ó jú 800 lọ, àti pé láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15 ni a ti ń ṣe dígí níbẹ̀. Cobalt ni ó fún àwọn ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró ní àwọ̀ wọn. Cobalt kì í ṣe ohun tí a ń fi ìwàǹwára bù: ìwọ̀n 1 nínú 100 ti tó láti sọ dígí di aró pátápátá. Lójú tèmi, ẹni tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ léraléra ní òṣùwọ̀n kan, ìbáà ṣe ìkarahun ìgbín ni ó fi ń wọ̀n ọ́n.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí 40 wa. Ohun tí ó fún wọn ní àwọ̀ ni irin, irú ìpáàrà tí ẹ ń rí lára àdá àtijọ́. Bí ó bá jẹ́ 8 tàbí 10 nínú 100, àwo yóò ṣú dúdú tàbí kí ó rí bí obì gbígbẹ. Bí ó bá jẹ́ nǹkan bí 2 nínú 100, ibi tí ọ̀ràn ti le nìyẹn, nítorí pé iná ni yóò dájọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ń wọ ìléru dáadáa, ìpáàrà náà yóò wà bí ó ti wà, àwo yóò sì pọ́n bí oyin. Ṣùgbọ́n bí a bá dí ojú afẹ́fẹ́ tí èéfín sì gba inú ìléru kan, ebi afẹ́fẹ́ yóò pa iná náà, yóò sì fa èyí tí ó wà nínú ìpáàrà jáde. Irin náà yóò yí padà, àwo yóò sì di àwọ̀ ewé. Ti bàbà tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ: nínú afẹ́fẹ́ ó jẹ́ àwọ̀ ewé, nínú èéfín ó lè pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Korobá kan, ọwọ́ kan, àwọ̀ méjì.

Àwa tí a jókòó ní ìgbìmọ̀ kò mọ èyí. Èyí tí ó burú jù ni pé a kò tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi bá a ṣe ẹjọ́. Yorùbá dùn ní ti àwọ̀. A ní pupa fòò, a ní dúdú kirikiri, ṣùgbọ́n pupa wa gba ẹ̀jẹ̀, ó gba epo, ó sì gba oyin. Dúdú wa gba aró, ó sì gba ewé tí ó ti gbó. Àwa wí pé “ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀”, kò sì sí ẹni tí ó já ewé kan ní ọjọ́ náà kí ó fi pamọ́. Ìgbìmọ̀ àgbáyé kan tí ó ń rí sí ọ̀ràn ìmọ́lẹ̀ ti fi ìlànà lélẹ̀ ní 1931 bí a ó ti fi nọ́ńbà sọ àwọ̀. Ní 1976 wọ́n fi ọ̀nà kan lélẹ̀ tí ó ní nọ́ńbà mẹ́ta: èkíní láti 0 sí 100, fún ṣíṣú àti mímọ́, èkejì fún pupa ní apá kan àti àwọ̀ ewé ní apá kejì, ẹ̀kẹta fún àwọ̀ òdòdó àti aró. Ẹ̀rọ kan yóò tan ìmọ́lẹ̀ sí ara àwo, yóò sì ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ìyàtọ̀ àwo méjì kò bá ju nǹkan bí 1 lọ, ojú ènìyàn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwo amọ̀ dídán náà ni wọ́n ń lò láti dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò, nítorí pé àwọ̀ dígí kì í ṣá bí ti aṣọ. Síbẹ̀ àwọn tí ó pọ́n nínú wọn a máa yí díẹ̀ bí ara wọn bá gbóná.

Ẹ̀rọ yìí sọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀. Kò lè dá a padà. Kí iná tó jó ni a ti ń ṣe àkóso. Amọ̀kòkò tí ó mọ iṣẹ́ a máa wọn páìntì kan nínú omi ìyẹ̀fun rẹ̀: páìntì omi lásán jẹ́ áúnsì 20, tirẹ̀ yóò sì wúwo jù bẹ́ẹ̀, bí ti òní bá fúyẹ́ ju ti àná lọ, ìbora yóò fẹ́lẹ́, àwọ̀ yóò sì ṣì. Ní ti ooru, Josiah Wedgwood ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi bí amọ̀ ṣe ń súnkì wọ̀n ọ́n ní 1782. Ní 1886 Hermann Seger ní Jámánì ṣe ṣóńṣó kékeré tí a fi irú èròjà ìbora mọ, tí a ń tò sínú ìléru kí a máa yọjú wò wọ́n láti inú ihò. Nígbà tí orí ṣóńṣó bá tẹ̀ ba, a mọ̀ pé iná ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Irú ìmọ̀ yìí ni Michael Cardew fi kọ́ àwọn ènìyàn ní ilé ìkọ́ṣẹ́ amọ̀ Abuja àtijọ́, tí à ń pè ní Suleja lónìí, láti 1951, níbi tí Ladi Kwali, tí àwòrán rẹ̀ wà lára owó ₦20, ti fi dígí bo ìkòkò tí àǹtí rẹ̀ kọ́ ọ láti mọ.

Olùkọ́ kan tí ó mọ iṣẹ́ amọ̀ ni ó là mí lójú, nígbà tí ó wá kí mi tí ó sì bá 40 náà nínú yàrá ẹ̀yìn. Kò béèrè ẹni tí ó jalè. Ó béèrè oṣù tí a sun wọ́n. A ránṣẹ́ sí amọ̀kòkò náà, ó sì sọ ọ́: ìgbà òjò ni ó sun ti àkọ́kọ́, igi rẹ̀ tutù, èéfín sì pọ̀, ìgbà ọyẹ́ ni ó sun èkejì, igi gbẹ táútáú, afẹ́fẹ́ sì ń gba inú ìléru kọjá. Olùkọ́ náà ní kí ó tún márùn-ún sun, kí ó dí ojú afẹ́fẹ́. Mẹ́rin jáde bí ewé. Ìkarùn-ún jẹ́ ewé ní apá kan, oyin ní apá kejì.

Ọdún kan ó lé ni ó ti kọjá. Nínú ọdún náà, ọmọ rẹ̀ kan ti fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí owó. Mo mú owó náà lọ fún un fúnra mi. Ó kà á, ó dì í sí etí aṣọ, ó sì wí pé, “Alùfáà, ẹ jọ̀wọ́, ìwé ọjọ́sí ńkọ́?” Ó mú un wá láti inú àpótí rẹ̀, ó ní kí n fà á ya lójú òun. Mo fà á ya. Láti ìgbà náà ó ní ìwé kan tí ó ń kọ ọjọ́, igi, ìwọ̀n páìntì àti àsìkò tí ṣóńṣó tẹ̀ sí, ó sì ń fi àfọ́kù ìdánwò kan pa mọ́ fún iná kọ̀ọ̀kan.

A lẹ gbogbo 120 mọ́ ògiri. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ yóò kà wọ́n: 84 bí ewé, 35 bí oyin ní ìsàlẹ̀, àti ọ̀kan ní igun tí ó jẹ́ méjèèjì.