Orúkọ Ẹnu Ọ̀nà àti Ìmọ̀ Ọwọ́

(Ọ̀rọ̀ ìyànjú fún àwọn ọ̀dọ́ Ẹgbẹ́ wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́)



Ní èṣí, ọmọkùnrin kan tí mo kọ́ rí mú ìwé méjì tọ̀ mí wá. Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni ó kọ́. Ìwé kìíní ti ilé ìfowópamọ́ ńlá kan wá, níbi tí yóò ti máa ka owó fún àwọn oníbàárà. Èkejì ti ọ̀dọ̀ awọnlẹ̀ kan wá, ẹni tí ọ́fíìsì rẹ̀ kò ju yàrá méjì lọ, tí owó oṣù ibẹ̀ sì kéré. Ilé ńlá ni baba rẹ̀ ń fẹ́. Ó bi mí pé, "Bàbá, èwo ni kí n gbà?"

N kò bá baba náà wí. Ilé ńlá a máa san owó déédéé, orúkọ rẹ̀ a sì máa ṣílẹ̀kùn fún ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn baba wa bá ń wá ọ̀gá fún ọmọ, wọn kì í béèrè bí ilé alágbẹ̀dẹ ti ga tó. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé, bí ọmọ bá fẹ́ ẹwìrì títí, ǹjẹ́ ọ̀gá yóò jẹ́ kí ó di owú mú?

Ẹ wo Herbert Macaulay. Ní 1881 ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní Èkó gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé. Ní 1890 ó lọ sí Plymouth láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà àti wíwọn ilẹ̀. Ó padà dé ní 1893, ó sì di awọnlẹ̀ ìjọba. Nígbà tí ó fi ipò náà sílẹ̀ ní 1898, orúkọ ìjọba kò bá a jáde. Ìmọ̀ rẹ̀ ni ó bá a jáde, òun ni ó sì fi dá dúró.

Nítorí náà, n kò ní kí ẹ sá fún ilé ńlá. Bí ó bá fi iṣẹ́ yín lé yín lọ́wọ́, ẹ wọlé. Bí ebi bá sì wà nílé, kò sí ìtìjú nínú iṣẹ́ tí ń bọ́ni. Kìkì pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí irinṣẹ́ yín dípẹtà.

Ẹnìkan lè wí pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n orúkọ tìrẹ ni òwe náà ń wí, kì í ṣe èyí tí a kọ sí ẹnu ọ̀nà ọ̀gá rẹ.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo fún ọmọ náà lọ bá baba rẹ̀: Kí ni ọwọ́ mi yóò máa ṣe lójoojúmọ́? Ta ni yóò máa tọ́ mi sọ́nà bí mo bá ṣìṣe? Lẹ́yìn ọdún méjì, kí ni n ó lè ṣe tí n kò lè ṣe lónìí?

Ọ̀dọ̀ awọnlẹ̀ ni ó lọ. Owó rẹ̀ kò tíì pọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù tí ó kọjá, òun ni a rán lọ wọn ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ abúlé kan, baba rẹ̀ sì bá a lọ láti wò ó bí ó ti ń ṣe é.