Dókítà Ọ̀la Ń Tijú
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ wa ní Ẹdẹ)

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí èmi oníròyìn mú wá kò rọrùn láti sọ níwájú ọ̀gá ẹni, ṣùgbọ́n ẹ fara dà á fún mi. Mo mọ̀ pé ìrẹsì ti ń ta sánsán.

Àwọn kan nínú wa ní ọmọ tàbí àbúrò tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, ní Òṣogbo níbí, ní Ifẹ̀ tàbí ní Ìbàdàn. A máa ń rò pé wọn kò nílò ìkìlọ̀ nípa ìbálòpọ̀. Ṣebí àwọn ló ń ka ìwé rẹ̀? Wọ́n ń kà á nítorí ìdánwò, àti nítorí aláìsàn tí wọn yóò tọ́jú lọ́la. Ara tiwọn kò sí nínú ìwé náà.

Ẹ wo ilé Ransome-Kuti. Dókítà ni Olikoye, dókítà ni Beko. Olikoye tilẹ̀ ṣe mínísítà ètò ìlera láti 1985 di 1992. Síbẹ̀, àrùn éèdì ló pa Fela àbúrò rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1997. Olikoye fúnra rẹ̀ ló jáde sọ ọ́ fáyé gbọ́. Ilé mìíràn ì bá ti ní ibà ni. Ìgboyà nìyẹn o.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lè pe orúkọ kòkòrò àtọ̀sí ní Látìn. Ẹ wá ní kó wọ kẹ́míìsì lọ ra rọ́bà ní Ẹdẹ níbí! Ẹni tó ń tajà mọ ìyá rẹ̀, ó wà níbi ìkómọ rẹ̀. Yóò ra Panadol, yóò jáde.

Rọ́bà tó bá sì rí rà, inú pọ́ọ̀sì ló ń pa mọ́ sí títí ooru yóò fi bà á jẹ́. Òmíràn á fi Vaseline pa á, bẹ́ẹ̀ òróró a máa jẹ rọ́bà, á sì bẹ́. Bó bá bẹ́, tí ẹ̀rù kòkòrò HIV ń bani, oògùn wà tí a ń lò fún ọjọ́ 28, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Bó bá ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹni tí rọ́bà bẹ́ mọ́ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tó ń bẹ̀rù pé nọ́ọ̀sì yóò dá òun mọ̀, alẹ́ ọjọ́ Ajé ni àkókò tán. Ìtìjú ló jẹ wákàtí yẹn.

Àtọ̀sí pàápàá, obìnrin lè ní in kó má rí àmì kankan, títí ọ̀nà ẹyin rẹ̀ yóò fi dí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àìrọ́mọbí jẹ́ nílẹ̀ wa.

N kò ní ká ti ọmọ sínú ìṣekúṣe. Ẹni tó lè mú ara dúró, kó dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì inú ẹgbẹ́ wa, nígbà tí àwọn ọmọ bá wálé fún ìsinmi, ẹ pè wọ́n jọ níbi tí òbí kò sí. Ẹ fi bí a ṣe ń lo rọ́bà hàn wọ́n, kí ẹ sọ ilé ìwòsàn tí wọn yóò sáré lọ fún wọn. Mà, mo rí i pé ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin lẹ sáré ka orí ìwé Bàọ́lọ́jì yẹn kọjá fún wa!

Gbọ̀ngàn kan la nílò, àti páálí rọ́bà kan. Ta ni yóò gbé e wá?