Ìfági Gígùn àti Ìfági Kúkúrú

A rí i pé ọ̀pọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà ń fi ìfági kan ṣoṣo ṣe gbogbo iṣẹ́. Bí a ó bá so ẹ̀gbẹ́ pákó méjì pọ̀, èyí tí ó gùn tó íńṣì 22 ni kí a mú. Nítorí gígùn rẹ̀, kì í wọ inú kòtò. Ibi tí ó ga nìkan ni abẹ rẹ̀ ń jẹ, títí igi yóò fi tọ́. Ìfági kúkúrú, bí íńṣì 9, a máa bá kòtò wọlé. Dídán ojú igi ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ní ti ìrókò, tí iṣan rẹ̀ lọ́ mọ́ra, kí abẹ náà mú bí ti onígbàjámọ̀, kí ó sì yọ fẹ́ẹ́rẹ́, kí ó má baà fa ara igi ya. Ẹ̀yin tí ẹ ń rán ṣe tábìlì, kí wọ́n tó lẹ pákó pọ̀, ẹ gbé e sójú oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ láàárín, ẹ dá a padà.