Ẹ Má Kàn Sọ Pé Ọjà Yín Dára, Ẹ Sọ Ohun Tó Fi Dára
(Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn tí a bá àwọn ìyá ọjà sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde)

 

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá gba ẹ̀gbẹ́ àwọn onígàrí kọjá lọ́jà Òkè-Àjé, kí là ń gbọ́? “Ẹ wá rà, tèmi dára!” Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà ní tòun dára. Ẹnì kẹta ní ojúlówó ni tòun. Kí ni oníbàárà fẹ́ fi mọ ìyàtọ̀? Ó ku kó béèrè ta ló máa tà á ní pọ́ọ́kú. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé owó pọ́ọ́kú nìkan ló fi yàtọ̀, èrè ara rẹ̀ ló ń jẹ.

Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ ilẹ̀ wa kan, Mike Adénúgà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọdún 2001 ni fóònù GSM dé Nàìjíríà. Nígbà náà, bí èèyàn bá sọ̀rọ̀ fún sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá péré, owó odindi ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ń yọ. Ká ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ 50 náírà, ọ̀rọ̀ tí kò tó náírà mẹ́sàn-án ti di 50 náírà nìyẹn! Nígbà tí Glo bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, ìlérí tí wọ́n gbé jáde ni pé iye sẹ́kọ́ńdì tí ẹ bá fi sọ̀rọ̀ lẹ ó sanwó rẹ̀. Kò sí àròyé níbẹ̀. Ohun tó ń dun aráàlú ni, ẹnikẹ́ni sì lè wo owó inú fóònù rẹ̀ kó mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Kò pẹ́ tí àwọn yòókù náà fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Gàrí Ìjẹ̀bú náà, ìlérí ni orúkọ rẹ̀. Ará Èkó tó ń béèrè rẹ̀ ń retí gàrí tó kan, tó gbẹ, tó kúnná, tí kò ní epo. Nítorí náà, dípò “tèmi dára,” ẹ sọ pé: “Ọjọ́ mẹ́ta ló lò nínú àpò kí n tó yan án. Mo ti jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò ní ìdọ̀tí. Ẹ bù ú tọ́ wò.” Aláṣọ lè ní: “Bó bá ṣí nígbà tí ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, ẹ gbé e padà wá.” Aláta lè ní: “Mo ti ṣa gbogbo èyí tó rà kúrò.”

Àmọ́ o, ẹ má ṣèlérí ohun tí ẹ ò lè mú ṣẹ. Bí ẹ bá pariwo “kóńgò mi kún,” tí a sì ti lu ìdí kóńgò wọnú, oníbàárà á tún un wọ̀n nílé. Kò ní í sọ pé Ìyá Báyìí ló rẹ́ òun jẹ, á ní ará Ìjẹ̀bú ni. Gbogbo wa ló fọwọ́ bà jẹ́ nìyẹn! Ẹ má sì sọ pé oúnjẹ yín ń wo àrùn. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà lòdì sí fífi irọ́ polówó ọjà.

Àwọn kan á ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Lóòótọ́, wọ́n ń fi owó ra èké, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń rà á. Àwa oníbàárà tó ń padà wá là ń wá.

Kí ọjà tó ń bọ̀ tó pé, kí oníkálukú mú ìlérí kan ṣoṣo, èyí tí oníbàárà lè fi ojú ara rẹ̀ rí. Ẹ kọ ọ́ sórí páálí, ẹ gbé e síwájú ìsọ̀. Kí ẹ sì mú un ṣẹ lójoojúmọ́.