Ibà Lassa àti Etí Ẹni Tí Ó Là Á Já

Àwọn baba wa a máa sọ pé àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí ni àìsàn tí a rò pé a ti wò tán, tí dókítà ti ní kí aláìsàn máa lọ ilé, tí ẹbí ti ṣọpẹ́, tí ìyókù rẹ̀ sì fara pamọ́ síbi tí ojú kò tó.

Ní ọdún 1969, ní ìlú Lassa, ní Ìpínlẹ̀ Borno ti òde òní, ibà kan kọlu nọ́ọ̀sì ajíyìnrere kan, Laura Wine. Wọ́n gbé e dé Jos, ó kú. Charlotte Shaw tó tọ́jú rẹ̀ kó o, òun náà kú. Ẹnì kẹta, Lily Pinneo, ni wọ́n gbé lọ sí New York, tí Ẹlẹ́dàá sì dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ eku tó ń tọ̀ sórí oúnjẹ, tí ibà náà fi ń ran ènìyàn, ẹ ti gbọ́ ọ lórí rédíò títí. N kò ní tún un sọ.

Èyí tí a kì í sábà gbọ́ ni ti etí. Àwọn oníwàádìí tó ṣiṣẹ́ ní Sierra Leone, tí wọ́n gbé àbájáde wọn jáde ní ọdún 1990, rí i pé nínú àwọn tí ibà Lassa dá dùbúlẹ̀ ní ọsibítù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì 1 nínú 3 tí etí rẹ̀ di lójijì. Kì í sì í ṣe ìgbà tí ara ń jó bí iná ni ó sábà ń ṣẹlẹ̀, bí kò ṣe ìgbà tí ibà ti ń rọlẹ̀, tí aláìsàn ti ń béèrè oúnjẹ. Bí àìsàn ṣe le tó kò sọ ẹni tí yóò kàn. Ribavirin tí a fi ń tọ́jú ibà náà kò sì dá a dúró. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń fura pé àwọn ọmọ-ogun ara fúnra wọn, níbi tí wọ́n ti ń lé fáírọ́ọ̀sì kiri, ni wọ́n ń ṣèṣe fún etí inú àti iṣan tó ń gbé ìró lọ sí ọpọlọ. Àwọn kan ń gbádùn padà láàárín oṣù díẹ̀. Etí dídi ti àwọn mìíràn di ti ayérayé.

Ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, tí ibà yìí ti máa ń jà lọ́dọọdún, pàápàá ní agbègbè Ọ̀wọ̀, ẹ fi ojú inú wo ìyàwó ilé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé. Ìyá ọkọ rẹ̀ pè é láti ẹ̀yìnkùlé, kò dáhùn. Ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ro ọbẹ̀ lọ. Bí ẹnìkan bá dúró lápá òsì rẹ̀, yóò yíjú pátápátá kó tó gbọ́. Lóru, etí náà ń hó yee, kò jẹ́ kó sùn. Wọ́n ní ìgbéraga ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbé e gẹ̀gẹ̀. Òun náà rò pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ òun lábẹ́lẹ̀. Ẹyẹ bà lókùn, ara kò rokùn, ara kò rẹyẹ. Ó dùn mí pé ilé tó bá ikú jìjàdù tó sì borí lè tú ká nítorí ohun tí àyẹ̀wò ìgbọ́ràn kan ṣoṣo ì bá ti là yé wọn.

Nítorí náà, mo bẹ àwọn aláṣẹ ọsibítù pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó la ibà Lassa já lọ ilé láìṣe àyẹ̀wò etí rẹ̀, kí wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Mo bẹ ìjọba pé kí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn má ṣe jẹ́ ohun tí olówó nìkan lè rà. Ẹ̀yin olùkọ́, ọmọ tó ti àìsàn dé tí kò dáhùn ìpè, ẹ gbé pàṣán sílẹ̀, ẹ mú un wá sí ìlà iwájú. Ẹ̀yin ẹbí, bí ẹ bá ń bá ẹni yín sọ̀rọ̀, ẹ dúró níbi tí yóò ti rí ẹnu yín, kí ẹ sì mú un padà lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́sẹ̀ yìí gan-an.