Owó Tí Kò Tíì Dé

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ṣòwò ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, olè kan wà tí kì í já ilẹ̀kùn. Tẹlifóònù ló ń gbà wọlé.

Ká ní gàrí lẹ ń tà. Ẹnìkan pè yín, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní òun ń ra oúnjẹ fún ilé ẹ̀kọ́ kan, òun fẹ́ àpò márùn-ún. Kò ná ọjà rárá (ẹ ti fura níbẹ̀ yẹn!). Ó ní ọlọ́kọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń bọ̀ wá kó o. Kí ọlọ́kọ̀ tó dé, mẹ́sáàjì wọlé pé 100.000 sẹ́fà ti bọ́ sínú àpò tẹlifóònù yín.

Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ fà á fún ọmọ aládùúgbò, ó kà á, ó ní owó ti dé. Ọmọ náà kò purọ́. Mẹ́sáàjì ló purọ́, nítorí olè náà fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́.

Kí lẹ ó ṣe? Ẹ fi ọwọ́ ara yín béèrè iye owó tó wà nínú àpò yín. Ní Benin, ẹni tó ń lo MTN á tẹ *880#. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá sí kíláàsì wa, òǹkà tí ẹ ti kọ́ tó o: ẹ máa kọ iye tí ẹ bá láàárọ̀ sínú ìwé ọjà yín, kí ẹ fi wé èyí tí ẹ rí. Bí kò bá lé, owó kò dé. Kí ọlọ́kọ̀ jókòó sábẹ́ igi. Òun náà lè má mọ ẹni tó rán an.

Bí ẹni tó pè bá ní oníbàárà yín ni òun, ẹ gbé tẹlifóònù sílẹ̀, kí ẹ pe nọ́ńbà tó wà nínú ìwé yín. Láti 30 oṣù kọkànlá 2024, 01 ló ń ṣíwájú gbogbo nọ́ńbà Benin; ẹ fi síwájú èyí tí ẹ ti kọ tipẹ́.

Òmíràn á ní òun ṣi owó fi ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ dá a padà. Ẹ ní kó lọ bá ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù. Ẹni tó bá sì béèrè nọ́ńbà àṣírí yín, ẹ má dá a lóhùn mọ́.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má tijú, ẹ má sì pa mẹ́sáàjì náà rẹ́. Òfin Benin ti oṣù kẹrin 2018 ń fi ìyà jẹ irú olè bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé tẹlifóònù yín lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ fi nọ́ńbà tó pè yín hàn wọ́n.